Nígbà Tí A Ń Pa Kọ̀ǹpútà Ká Tó Ki Nǹkan Bọ̀ Ọ́

Ní ayé tí mò ń sọ yìí, bí ẹ bá fẹ́ so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ óò kọ́kọ́ pa kọ̀ǹpútà náà ná. Bó bá jẹ́ káàdì lẹ fẹ́ fi sínú rẹ̀, ẹ óò tú síkúrù ẹ̀yìn, ẹ óò ṣí àpótí rẹ̀, ẹ óò máa fi orí ìka yọ àwọn ike kéékèèké ara káàdì láti ibì kan sí ibòmíràn bí ìwé rẹ̀ ṣe wí, kí káàdì tuntun má baà gba ojú ọ̀nà tí èyí tó ti wà níbẹ̀ ń lò. Lẹ́yìn náà lẹ óò pa àpótí dé, tí ẹ óò tàn án, tí ẹ óò jókòó tì í. Bó bá kọ̀, ẹ pa á, ẹ tú u, ẹ tún ike yẹn tò. Mo mọ ọkùnrin kan ní Lomé tó ń fi odindi ọjọ́ Sátidé ṣe èyí fún oníbàárà kan ṣoṣo, kò sì sẹ́ni tó pè é ní ọ̀lẹ.

Akparé ni wọ́n bí mi sí, lápá Atakpamé, láàrin àwa Ifẹ̀ ilẹ̀ Tógò tí ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní Ana. Ilé ìwé ló gbé mi dé Atakpamé, iṣẹ́ ló gbé mi dé Lomé, níbi tí mo ti tún kọ̀ǹpútà ṣe títí orí mi fi funfun. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ọgbà yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1970, Université du Bénin ló ṣì ń jẹ́. Ọdún 2001 ló di Université de Lomé. Lóde òní, àwọn ọmọ ọmọ mi a ki fláàṣì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, wọn a kó orin sí i, wọn a fà á yọ, wọn a sá lọ. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ kò jẹ wọ́n lógún. Èmi ni mo máa ń sọ ọ́ fún wọn, nítorí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ló ṣe é, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fojú kan ara wọn rí.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Kamina, tí kò sí ọmọ Atakpamé tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́, àwọn Jámánì tó ń ṣàkóso Tógò ní kí ilé-iṣẹ́ Telefunken kọ́ ibùdó wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá kan sí Kamina, lẹ́bàá Atakpamé. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá Nauen, nítòsí Berlin, sọ̀rọ̀ láì fa okùn kankan. Àwọn bàbá wa ló ru irin rẹ̀, àwọn ló gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún 1914, bí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ṣe ń sún mọ́ tòsí, àwọn Jámánì fúnra wọn wó òpó rẹ̀ lulẹ̀ lóru, wọ́n sì ba ẹ̀rọ inú rẹ̀ jẹ́. Ó parí síbẹ̀. Àwọn tó ru irin kò mọ ohun tí irin náà ń wí, kò sì sí ìwé kan tí ẹnikẹ́ni ní Atakpamé lè ṣí láti fi tún un gbé dìde. Bàbá bàbá mi a máa nawọ́ sókè láti júwe bí òpó náà ṣe ga tó. Ibi tí ìmọ̀ tó kù fún wa lára Kamina mọ nìyẹn.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Linux fi wọ̀ mí lára nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ sí kọ sọ́fítíwíà tó ń darí kọ̀ǹpútà, ó sì gbé e sí gbangba kí ẹnikẹ́ni lè wo inú rẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì pín in fún ẹlòmíràn. Ohun tí gbogbo ayé lè kọ́wọ́ bọ̀ ní wàhálà tirẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ta ni yóò sọ fún ẹnì kan pé ibí ni kó ti bẹ̀rẹ̀, ibí ni kó dúró?

Ẹ̀rọ tí à ń ki bọ kọ̀ǹpútà nígbà tó wà ní títàn ló mú kí ìbéèrè yẹn gbóná. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ló kọ́kọ́ mú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ihò pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí à ń ki káàdì PCMCIA bọ̀, ìyẹn káàdì módẹ́ẹ̀mù tàbí ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. David Hinds, ará Amẹ́ríkà, ló kọ ohun tó mú káàdì wọ̀nyẹn ṣiṣẹ́ lórí Linux ní àwọn ọdún 1990. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọkùnrin náà nítorí pé ohùn ló fi ń dáni lóhùn. Bí ẹ bá ki káàdì bọ̀ ọ́, tó dún lókè lẹ́ẹ̀mejì, ó ti mọ̀ ọ́n, ó sì ti gbà á síṣẹ́. Bó bá dún lókè tó wá dún nísàlẹ̀, ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò rí i gbà síṣẹ́. Bó bá dún nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kò mọ̀ ọ́n rí. Àwa tó jẹ́ pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ la fi ń mọ ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ láti inú ìyá wa, ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa nìyẹn? Láti yàrá kejì ni a ti ń mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí oníbàárà tó lanu.

Ní 1996, USB jáde. Ihò kan náà ni kíbọ́ọ̀dù, máòsì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kámẹ́rà ń gbà wọlé, àwọn tó ṣe é sì ti pinnu láti ìpilẹ̀ pé kí á máa kì í bọ̀ ọ́, kí á máa fà á yọ, láì pa iná. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ru nọ́ńbà méjì wá. Ọ̀kan ń sọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ìkejì ń sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́. Linux 2.4, tó jáde lóṣù kìíní ọdún 2001, ló gba USB tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó wà lọ́jà pọ̀ bí eéṣú, dráífà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń darí ẹ̀rọ kan pàtó, sì ní ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó ń tọ́jú ti kámẹ́rà lè máa lọ sùn lákòókò tí ẹni tó ń tọ́jú ti módẹ́ẹ̀mù ń jí.

Greg Kroah-Hartman, tó ń bójú tó USB nínú Linux, àti David Brownell wà lára àwọn tó wá ọ̀nà tí iṣẹ́ gbogbo wọn fi lè bára mu. Ètò tí wọ́n là sílẹ̀ kò le rárá. Bí ẹ̀rọ bá dé, kernel, tí í ṣe àárín gbùngbùn Linux, yóò pe prógíráàmù kékeré kan tó wà lóde rẹ̀, yóò sì ka nọ́ńbà ẹ̀rọ náà fún un. Prógíráàmù yẹn á wo àkọsílẹ̀, á rí dráífà tó ni nọ́ńbà náà, á sì gbé e wọlé. Ibi tí ọgbọ́n wà ni inú àkọsílẹ̀ yẹn. Kò sí akọ̀wé kan tó jókòó tì í. Olúkúlùkù ẹni tó kọ dráífà ló ti kọ nọ́ńbà àwọn ẹ̀rọ tó lè darí sínú iṣẹ́ tirẹ̀, kọ̀ǹpútà ló sì ń kó gbogbo rẹ̀ jọ di ìwé kan. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tuntun kò ní láti dúró de ẹni tó kọ ti kámẹ́rà, kò sì ní bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọdún 2001 náà ni Greg ṣàlàyé rẹ̀ fún ìpàdé àwọn ará Linux ní Ottawa, ní Kánádà.

Lẹ́yìn náà ni ìjà orúkọ dé, òun ni mo sì kà sí ìjà tó wúlò jù. Bí ẹ̀rọ bá wọlé, kí la óò máa pè é? Láyé àtijọ́, gbogbo orúkọ tí ẹ̀rọ lè jẹ́ ni wọ́n ti kọ sílẹ̀ ṣíwájú, yálà ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Richard Gooch wá kọ ohun tó pè ní devfs, tó jẹ́ kí kernel fúnra rẹ̀ máa sọ ẹ̀rọ lórúkọ bó bá ṣe ń dé. Ó wọ inú Linux ní 2000. Àwọn kan gbà á tayọ̀tayọ̀, àwọn kan yarí pé iṣẹ́ kernel kọ́ nìyẹn: kí ó sọ pé ẹ̀rọ dé, kí ó sọ irú èyí tó jẹ́, kí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà sì pinnu orúkọ tí yóò jẹ́. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Bí èyí tó wà lọ́dọ̀ akápò bá kọ́kọ́ jí lónìí, òun ni Nọ́ńbà Kìíní. Bí èyí tó wà ní gbọ̀ngàn bá ṣáájú rẹ̀ lọ́la, orúkọ ti yí padà nìyẹn, ìwé owó oṣù á sì máa jáde lójú gbogbo ayé.

Ní 2003, Greg gbé udev jáde, Kay Sievers sì bá a tẹ̀ ẹ́ síwájú débi pé òun ló wá di olùtọ́jú rẹ̀. Patrick Mochel ti ṣe sysfs, tí kernel fi ń to gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan síta kí ẹnikẹ́ni lè kà á. udev á ka ohun tó wà níbẹ̀, á wo òfin tí onílé kọ, á sì sọ ẹ̀rọ lórúkọ. Linux 2.6 jáde lóṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà. Nígbà tó fi máa di 2006, wọ́n ti yọ devfs kúrò pátápátá.

Ní Akparé, a mọ ọ̀wẹ̀, a sì mọ àáró. Ọ̀wẹ̀ ní olórí: ẹni tó pè é ló ń se oúnjẹ, òun náà ló ń nawọ́ sí ibi tí ẹ óò kọ ebè dé. Àáró kò ní olórí. Oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la, ohun tí kò sì jẹ́ kó túká ni pé olúkúlùkù mọ poro tirẹ̀, kì í sì í kọjá sí ti ẹnìkejì. Iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí sún mọ́ àáró. Torvalds lè kọ̀ láti gba iṣẹ́ ẹnì kan, ṣùgbọ́n kò lè rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Nígbà tí wọ́n sì fẹnu kò pé kí kernel máa kéde, kí prógíráàmù tó wà lóde máa sọ ẹ̀rọ lórúkọ, poro ti yọ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ràn kernel mọ ibi tí yóò dúró, ẹni tí kò fẹ́ kí ọwọ́ òun kan kernel náà rí iṣẹ́ ṣe.

Bí poro ṣe yọ ni àwọn mìíràn ń bọ́ sí i. Ní 2004, Robert Love kó àwọn ènìyàn jọ sábẹ́ ètò kan tó pè ní Project Utopia, pé kí ẹni tó bá ki kámẹ́rà bọ Linux rí àwòrán rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láì tẹ àṣẹ kankan. David Zeuthen ló ń kọ HAL, tó ń gba ìròyìn lọ́wọ́ udev. D-Bus, tí Havoc Pennington wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ló ń gbé ìròyìn náà dé ojú kọ̀ǹpútà. Red Hat ló ń sanwó fún àwọn kan nínú wọn, Novell ń sanwó fún àwọn mìíràn, ilé-iṣẹ́ méjèèjì sì ń du oníbàárà kan náà. Síbẹ̀, ohun tí ọmọ iṣẹ́ ọ̀kan kọ láàárọ̀, ọmọ iṣẹ́ ìkejì a tún un ṣe lálẹ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé HAL ti wúwo jù. Zeuthen tó kọ ọ́ ló tún bẹ̀rẹ̀ ohun tó gba ipò rẹ̀, ó pín iṣẹ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, udev sì gba èyí tó tọ́ sí i. Ẹ rántí Kamina. Ẹni tó kọ́ ọ ló wó o níbẹ̀, ẹni tó kọ́ ọ ló wó o níhìn-ín náà. Ṣùgbọ́n HAL àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀ títí dòní fún ẹni tó bá fẹ́ kà á, ìdí tí wọ́n fi pa á tì wà ní kíkọ, ohun tó rọ́pò rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.

Àwa ńkọ́, ní Lomé? Bí iṣẹ́ wọn bá jẹ́ odò, ọ̀dọ̀ wa ni omi rẹ̀ ń ṣàn dé kẹ́yìn. Kí okùn WACS abẹ́ òkun tó gúnlẹ̀ ní Tógò ní 2012, íntánẹ́ẹ̀tì wa máa ń fà. Ẹni tó bá fẹ́ gba Linux látorí íntánẹ́ẹ̀tì lè fi í sílẹ̀ mọ́jú, kí iná sì lọ nígbà tó kù díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú wa fi dùn láti 2005 lọ, nígbà tí àwọn tó ń ṣe Ubuntu, ẹ̀yà Linux kan, ń fi CD rẹ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. CD kan a dé ọ̀dọ̀ wa, a óò dà á kọ títí yóò fi kún àdúgbò.

Nígbà tó yá, módẹ́ẹ̀mù USB wọ ọjà, gbogbo ènìyàn sì ń rà á. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ló kọ́kọ́ ki ọ̀kan bọ Linux níṣojú mi.

"Ọ̀gá, ẹ wá wò ó," ló wí. "Módẹ́ẹ̀mù yìí ní CD ni òun."

"Ó lè ní ẹyẹ ni òun. Nọ́ńbà wo ló mú wá?"

Òótọ́ ló sọ. Wọ́n ti kó sọ́fítíwíà Windows sínú módẹ́ẹ̀mù náà, kí ẹni tó rà á má baà wá CD kiri. Nítorí náà, bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, bíi CD ló ń fi ara hàn. Ó dìgbà tí ẹnì kan bá ránṣẹ́ kan pàtó sí i kó tó di módẹ́ẹ̀mù. Sọ́fítíwíà Windows yẹn mọ iṣẹ́ náà, Linux kò mọ̀ ọ́n. Josua Dietze, ará Jámánì, ló kọ usb_modeswitch láti yanjú rẹ̀, udev ló sì ń pè é jí nígbà tí nọ́ńbà irú módẹ́ẹ̀mù bẹ́ẹ̀ bá wọlé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan kò lè ra gbogbo módẹ́ẹ̀mù ayé. Àwọn tó ra ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́.

Ibẹ̀ ni àwa ará ìsàlẹ̀ odò ti di ẹni tó wúlò. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ní Lomé tàbí ní Cotonou lè má sí ní Berlin rárá. A kọ́ láti ránṣẹ́ bó ṣe yẹ: nọ́ńbà méjèèjì, irú Linux tí à ń lò, ohun tí a ṣe, ohun tí a rí, lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó bá kàn kọ̀wé pé "kò ṣiṣẹ́", wọn kò ní dá a lóhùn, kì í sì í ṣe ìgbéraga. Kò sí ohun tí wọ́n lè di mú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Gẹ̀ẹ́sì àwa ọmọ ilé ìwé Faransé rí gbágungbàgun, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò ní àṣìsọ. Nígbà tí mo rí i pé nọ́ńbà tí a kọ sílẹ̀ lórí tábìlì wa ti wọ inú àtẹ̀jáde tó tẹ̀lé e, mo pe gbogbo ọmọ iṣẹ́ jọ, mo fi hàn wọ́n, mo sì ra ohun mímu fún wọn.

Ẹ má rò pé wọn kì í jà o. Ní 2012, wọ́n kó udev wọ inú systemd, sọ́fítíwíà tó ń jí àwọn iṣẹ́ yòókù nígbà tí Linux bá ń tàn, inú sì bí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn ará Gentoo, tí wọ́n ń ṣe ẹ̀yà Linux mìíràn, gé ti wọn lọ, wọ́n pè é ní eudev. Lọ́dún yẹn náà, udev bẹ̀rẹ̀ sí fa iṣẹ́ kan lẹ́sẹ̀, ìyẹn gbígbé fáìlì tí ẹ̀rọ kan ń béèrè kó tó lè jí. Torvalds bínú ní gbangba, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún kernel. Wọ́n sún poro síhìn-ín díẹ̀, iṣẹ́ sì ń lọ. Ẹni tí kò fara mọ́ ọn kó ẹ̀dà tirẹ̀ dání, kò sẹ́ni tó dáná sun ti ẹnìkejì.

Àwọn ọmọ wa kò dúró síbi tí a dé. Ní 2012, Sénamé Koffi Agbodjinou dá WoeLab, ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ kan, sílẹ̀ ní Lomé. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Afate Gnikou tó wà níbẹ̀ fi àjẹkù kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ṣe ẹ̀rọ tó ń fi ike mọ nǹkan, wọ́n pè é ní W.Afate. Àwòrán tí wọ́n tẹ̀ lé wá láti inú iṣẹ́ RepRap, tí Adrian Bowyer bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2005, tó sì fi lélẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn pàǹtí tí a ti ń tà ní kílò nínú ṣọ́ọ̀bù wa ni ọmọ náà fi ṣe é. Mo rí i, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Kamina ti yí padà: ẹni tó ru irin ti mọ ohun tí irin ń wí.

Nínú àkójọ kíbọ́ọ̀dù Linux lónìí, Tógò ní àyè tirẹ̀, Yorùbá náà sì ní tirẹ̀ lábẹ́ Nàìjíríà. Àwa Ifẹ̀ ìhín ń kọ ɛ àti ɔ níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń kọ ẹ àti ọ, méjèèjì sì lè jáde lábẹ́ ìka nítorí pé ẹnì kan jókòó, ó to lẹ́tà sílẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́. Kò dìgbà tí ìjọba bá pè é.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Akparé tó wà nílé, àti ẹ̀yin tó wà ní Lomé, ní Èkó àti lókè òkun, bí ẹ̀rọ kan bá kọ̀ láti bá yín ṣiṣẹ́, ẹ má kàn gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ máa ṣépè. Ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀, ẹ kọ ohun tó ṣe gan-an sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.